Sokodé Tí Kò Ní Iṣu

Ọjọ́ Ẹtì ni Bìlálì gbé ìwé náà dé Kambolé. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó ti dé.

Mo wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Ìyá, à ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí mo gbọ́ alùpùpù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń ka ọkọ̀ ní Sokodé, etí mi sì ti ń dá wọn mọ̀ kí ojú mi tó rí wọn. Alùpùpù Bìlálì máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú.

“Akọ̀wé Èéfín!” ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà. “Jáde wá gba iṣẹ́ rẹ. Ọ̀gá rẹ fi ìwé rán mi.”

Ìwé náà ti rún nínú àpò rẹ̀, òórùn ẹ̀sáńsì tí alùpùpù rẹ̀ ń mu sì ń jáde lára rẹ̀. Mo tú u.

“Mìsìtúrà, má ṣe fi àkọsílẹ̀ rẹ ránṣẹ́ tí o kò bá tíì yọ àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ẹrù sórí ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Ọjọ́ tó gbé èèyàn nìkan ni kí o kọ. Kàbírù.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

“Bìlálì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló fún ọ ní ìwé yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Òní ni Ẹtì.”

“Ṣé èmi ni mo dá ọjọ́ ni? Mo gba Koussountou kọjá. Àbúrò ìyàwó mi ń sọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Wọ́n ní kí n jẹun, mo jẹun. Wọ́n ní kí n sùn, ṣé kí n wá bá wọn jà?”

“Ẹni tó lọ jẹ sàráà kì í gbàgbé ibi tí abọ́ wà,” Ìyá sọ láìgbé ojú sókè. “Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìkan ló máa ń gbàgbé.” Ó wá wò mí. “Kí ló wà nínú ìwé náà?”

“Ó ti pẹ́ jù, Ìyá.”

“Ọ̀rọ̀ inú ìwé, báwo ló ṣe ń pẹ́ jù? Ṣé ẹja ni?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo ti di ìwé àkọsílẹ̀ mi sínú ọ̀rá, mo sì fi lé ẹ̀gbọ́n mi Tàjùdíìnì lọ́wọ́ pé kó bá mi gbé e fún Ọ̀gá Kàbírù ní Sokodé. Ọjọ́ mẹ́ta ni fóònù kò ti gba ìpè ní Kambolé, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ méjìlá ló wà nínú ìwé náà. Nínú mẹ́sàn-án, iṣu wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ láìṣí i wò, ó ń fi fèrè ẹnu kọrin. Kò mọ̀ pé ẹjọ́ tirẹ̀ ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí nìyí. Ọ̀gá Kàbírù, ọmọ Sokodé tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe rí bí wọ́n bá ya agbègbè ọjà ńlá Sokodé sọ́tọ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kéré nìkan ni yóò máa wọ ibẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pe agbègbè náà ní Sàkání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí. Ọkọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń dán an wò. Ọkọ̀ ìbírídì ni wọ́n: wọ́n ní ẹ́ńjìnì tó ń mu ẹ̀sáńsì, wọ́n sì tún ní bátìrì ńlá kan lẹ́yìn ìjókòó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń rọra lọ láàárín ìlú, ẹ́ńjìnì rẹ̀ yóò dákẹ́, bátìrì ni yóò máa gbé e lọ, kò sì ní rú èéfín rárá. Ọ̀kan nínú márùn-ún náà ni ti Ẹ̀gbọ́n Tàjù. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ tó ń tọ́jú ìgbà tí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó dákẹ́. Èmi a jókòó níwájú, màá máa kọ ohun tí àpótí kò lè rí: iye èèyàn tó wọlé, ohun tí wọ́n gbé, ibi tí a ti dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sinmi, màá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá máa ka ọkọ̀ àti alùpùpù tó ń kọjá.

Ọ̀gá Kàbírù a wá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi hàn mí lọ́jọ́ kan. Ó ti ya gbogbo òpópónà Sokodé síbẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké bí èèrà ń rìn lórí wọn, pupa níbi tí èéfín pọ̀ sí, àwọ̀ ewé níbi tí kò sí. “Sokodé kékeré nìyẹn,” ó ní. “Ohun tí a kò lè dánwò lára ti gidi, a ó dán an wò lára èyí.” Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti máa ń lọ síbẹ̀ bí mo bá jókòó lásán. Kò sí eruku níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Mo máa ń wá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé mi, n kì í rí ara mi.

Ọkọ̀ tó bá yege nínú ìdánwò náà ni yóò gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ láti máa gbé èrò nínú Sàkání. Ìyẹn ni Ẹ̀gbọ́n Tàjù ń wá lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ikú Bàbá, ọdún mẹ́jọ ló fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láàárín Tchamba àti Sokodé kó tó ní tirẹ̀. Nínú ọdún mẹ́jọ náà, kò sí èrò tó gbé ìwé ìtàn dání wọ ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ní bẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní àbúrò kan nílé tó ń jẹ ìwé bí ewúrẹ́.” Bí mo ṣe di ẹni tó mọ̀wé nìyẹn, lẹ́yìn tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òun náà ló sọ fún Ọ̀gá Kàbírù pé kó gbà mí síṣẹ́.

Mo dìde, ẹ̀gúsí tó wà lórí itan mi dà sílẹ̀.

“Bìlálì, gbé mi lọ sí Sokodé.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyí!”

“O pẹ́ kó o tó dé. O ò ní pẹ́ kó o tó lọ.”

Ìyá kò dá mi dúró. Ó kàn ní, “Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó má jẹ́ kí aṣọ ìjókòó yẹn tún dọ̀tí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nígbà tí mo fọ̀ ọ́.”

A gba ọ̀nà. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa bo ewé igi kájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí wọ́n fi dà bí ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ara mi kò balẹ̀. Mò ń ṣírò ohun tí màá sọ, mo tún ń tú u ká. Nígbà tí a dé Tchamba, fóònù mi jí lójijì nínú àpò mi, ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ dákẹ́. Ìpè mẹ́rin ti Ọ̀gá Kàbírù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Tàjù: “Kí lo kọ nípa mi?”

Bìlálì dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀sáńsì inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń wo bí ẹ̀sáńsì náà ṣe ń ṣàn wọ inú táǹkì.

“Ṣé lóòótọ́ ni,” ó bi mí, “pé wọn ò ní jẹ́ kí àwa tó ń fi alùpùpù gbé èrò wọ inú ọjà mọ́?”

“Bí ìṣirò náà bá fi hàn pé ó máa dín èéfín kù.”

“Ìṣirò.” Ó dé táǹkì rẹ̀. “Kò rí mi rí, ó sì ti lé mi jáde.”

Mo tún gun ẹ̀yìn alùpùpù.

Wọ́n ti kí ìrun Jímọ̀ tán nígbà tí a wọ Sokodé. Yàrá tí Ọ̀gá Kàbírù ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ilé ìtajà ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta ṣíbí àti ìkòkò; ẹnu àwọn Yorùbá inú ọjà ni Ọ̀gá ti kọ́ èdè wa, ó sì máa ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jọ pé kò sùn.

“Mademoiselle Mìsìtúrà. Ṣé o rí ìwé mi?”

“Òní ni mo rí i, Ọ̀gá.”

Ó mí kanlẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí mi. “Wo ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó lò láàárín ọjà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àádọ́rùn-ún. Takisí àtijọ́ tí kò ní bátìrì ńlá kankan kò burú jù ú lọ. Kí wá ni bátìrì ńlá yẹn ń ṣe? Ṣé ó ń sùn ni?”

“N kò mọ̀, Ọ̀gá.”

“Iṣu ni. Wọ́n kó iṣu sẹ́yìn, ọkọ̀ wúwo, ẹ́ńjìnì kò rójú sinmi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta tí kò gbé iṣu, ó ṣe dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é.” Ó fa bébà kan jáde. “Donc, nítorí náà, a ó kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe ọjọ́ gidi, pé ẹrù àrà ọ̀tọ̀ ló wà nínú ọkọ̀. Ìwọ tó jókòó níbẹ̀ ni wàá fọwọ́ sí i. Màá yọ wọ́n kúrò, yóò ku ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, kò sí àrà ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ló ń wọ takisí ní Sokodé láìgbé nǹkan kan?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni. “Mo mọ̀. Ìyá tó bí mi kì í wọ takisí láìgbé adìyẹ. Àmọ́ àwọn tó máa ka ìwé yìí kí wọ́n tó ya Sàkání sọ́tọ̀ kò mọ ìyá mi.” Ó fi ìka kan bébà náà. “Àwọn mẹ́rin tó ń kọ̀wé nínú ọkọ̀ yòókù ti fọwọ́ sí tiwọn. Bí ọkọ̀ wọn ṣe rí náà nìyẹn: ọjọ́ ẹrù burú, ọjọ́ tó kù dára. Ọ̀sán ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bí o kò bá fọwọ́ sí i, n kò lè yọ wọ́n. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ yóò ṣubú nínú ìdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún gbìyànjú. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣé ìwọ fẹ́ ẹ?”

Mo wo kọ̀ǹpútà. Sokodé kékeré ti ń yí padà sí àwọ̀ ewé láti ẹ̀gbẹ́ ọjà, nítorí ó ti yọ ọjọ́ ẹrù àwọn mẹ́rin náà. Òpópónà kan ṣoṣo ló ṣì pupa, ibi tí ọkọ̀ wa máa ń gbà. Ó rẹwà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ó ṣe rí: ó rẹwà lójú mi.

“Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀gbọ́n mi ná,” mo ní.

“Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la,” ó wí.

Mo jáde pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́. Bìlálì ti lọ wá èrò. Mo rìn láti ìta ọjà dé ibùdókọ̀, mo padà, mo tún lọ. Ojú mi ń ka alùpùpù láìjẹ́ pé mo rán an. Ní ìgbẹ̀yìn mo jókòó sórí bulọ́ọ̀kù tí mo máa ń jókòó sí, mo sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi tí Ọ̀gá dá padà fún mi. Mo fẹ́ wo ọjọ́ mẹ́ta tó dára. Mo fẹ́ mọ ìdí tí Ẹ̀gbọ́n Tàjù kò fi gbé iṣu ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, òun tí kì í padà láti Tchamba lọ́wọ́ òfo.

Ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, ní ọwọ́ ìkọ̀wé èmi fúnra mi: “Aṣọ ìjókòó wà lọ́dọ̀ Ìyá, ó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iṣu sórí ìjókòó lásán.”

Mo kà á, mo sì dìde bí ẹni tí kòkòrò ta.

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ibùdókọ̀, Ẹ̀gbọ́n ti lọ jẹun. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Aṣọ ìjókòó yẹn, kíjìpá nípọn ni. Ìyá ló rán an nítorí eruku pupa, ó sì rán an bí ẹni tó ń rán ẹ̀wù ìyàwó. Ó fún mọ́ ìjókòó lókè, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ẹni tó bá rí i á yìn ín. Àwọn awakọ̀ mẹ́rin yòókù nínú ìdánwò náà tilẹ̀ bẹ Ìyá, ó sì rán irú rẹ̀ fún gbogbo wọn. Mo rántí ọjọ́ tó ń wọn ti wa. Ó rí ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lójú. “Ibí yìí ni eruku á máa gbà wọlé,” ó ní, ó sì fi aṣọ ìlọ́po méjì dí i, ó gán an yí ká.

Mo ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ náà. Ibẹ̀ gbóná bí ẹ̀gbẹ́ àdògán. Ohùn kan ń jáde láti inú ihò náà, tínrín, ó ń fà, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo rántí ohun tí Ọ̀gá Kàbírù sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bátìrì ńlá náà máa ń mí bí èèyàn, ooru ni ọ̀tá rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná jù, ọkọ̀ kò ní lò ó mọ́, ẹ́ńjìnì ni yóò gba gbogbo iṣẹ́. Wọn kò wá sọ fún wa ibi tí imú rẹ̀ wà.

“Kí lò ń wá nínú ọkọ̀ mi?”

Ẹ̀gbọ́n Tàjù ló dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín.

“Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ibí.”

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè lórí fóònù.”

“Èsì rẹ̀ ló wà níbí. Ẹ fi ọwọ́ kàn án.”

Ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, inú bí i.

“Aṣọ ìyá mi ló ń ba ọkọ̀ mi jẹ́? Ìwé ìtàn ti wọ̀ ọ́ lórí.”

“Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ wò. Bí mo bá purọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn dé Kambolé.”

Ó yọ ọ́, ó ń kùn. Owú aṣọ àti erùpẹ̀ iṣu ti di ojú ihò náà pa. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ kan gbá a, mo fẹ́ ẹ, mo tún gbá a. A ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a jókòó sábẹ́ máńgòrò dè é kó tutù. N kò lè jókòó pẹ́. Mò ń dìde, mò ń lọ fọwọ́ kan ihò náà, mò ń padà wá.

“Jókòó, ìwọ kọ́ ni dókítà rẹ̀,” ó ní nígbà tó yá.

Ní kété tí ooru náà rọlẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká kó iṣu sẹ́yìn. Àpò méjì tí a kò tíì já kúrò nínú búùtù ni a gbé sórí ìjókòó lásán, Ẹ̀gbọ́n ń ké irora bí ẹni tí wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí. A wọ inú ọjà. Ó rọra ń lọ. Mò ń wo gíláàsì kékeré níwájú rẹ̀, níbi tí ọfà kan ti máa ń fi hàn ohun tó ń gbé ọkọ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnì kú.

Ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ́ lọ láàárín àwọn tó ń ta àlùbọ́sà, iṣu lẹ́yìn, láìsí ìró, láìsí èéfín. Mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí láti inú ọkọ̀: ẹnì kan ń ka owó ṣẹ́ẹ̀jì, ọmọ kan ń sunkún, ọ̀bẹ ń họ igi. Bàbá arúgbó kan fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó rí wa lẹ́yìn rẹ̀ lójijì.

“Ṣé iwin ló ń wa ọkọ̀ yín ni?” ó pariwo. “Ẹ fọn fèrè!”

Ẹ̀gbọ́n Tàjù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí n kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. A yí ọjà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ́ńjìnì kò jí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ìgbà tí a gun òkè nìkan.

Ó dá wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì yíjú sí mi. “Mìsí, o ti gbà mí. Gbé bébà yẹn wá, fọwọ́ sí i.”

Ó ti gbọ́ nípa bébà náà lẹ́nu Ọ̀gá Kàbírù lórí fóònù. Mo di bébà náà mú lórí itan mi.

“Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àná ni kì í ṣe òótọ́. Ó ti di òótọ́ báyìí! Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọkọ̀ mi mọ́. Láti òní lọ kò ní rú èéfín nínú ọjà. Wọ́n bi wá pé ṣé ọkọ̀ yìí dára, a ní ó dára. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?”

Ó dá mi lójú pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira. Mo wo iwájú, alùpùpù ń kọjá, mo ka mẹ́rin.

“Ọkọ̀ mẹ́rin yòókù ṣì wọ aṣọ Ìyá,” mo ní. “Ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ ọ fọ̀ nìkan ni wọn kì í gbé ẹrù, bíi tiyín.”

“Màá sọ fún wọn kí wọ́n bọ́ ọ.”

“Ẹ máa sọ fún mẹ́rin. Ta ló máa sọ fún ogún tó máa dé lẹ́yìn wọn? Eruku kan náà ni gbogbo wọn máa bá pàdé. Gbogbo wọn ló máa ní ìyá, tàbí ìyàwó, tó máa wá ohun tí wọ́n máa fi dí ihò yẹn. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ohun tó fà á. Ọ̀gá rò pé iṣu ni. Kì í ṣe iṣu. Wọ́n á máa wo Sokodé inú kọ̀ǹpútà tó ń dán bí ewé, àwa á máa wúkọ́ nínú èyí. Wọ́n á sì ti lé Bìlálì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nítorí rẹ̀.”

“Bìlálì! Bìlálì tó sùn sí Koussountou nítorí ẹran? Bó bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n rán an, ṣé a máa wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí?”

“Rárá. Bó bá dé ní àkókò, ǹ bá ti yọ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láìrò ó. N kì bá mọ̀ pé ihò kankan wà.”

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa kíjìpá náà wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lórí itan rẹ̀, ó ká a dáadáa, etí sí etí, bí Ìyá ṣe máa ń ká aṣọ.

“Ta ló máa sọ fún Ìyá pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fà á?” ó bi mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Èmi.”

“Ọdún kan gbáko, Mìsí. Ọdún kan ni mo tún máa dúró, kí àwọn mẹ́rin yẹn máa gbé èrò kọjá lójú mi. Èmi tí mò ń tọrọ ìwé fún ọ lọ́wọ́ àlejò.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, àmọ́?”

Omi ti dé ojú mi, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi sí ojú ewé ọjọ́ tí aṣọ wà lọ́dọ̀ Ìyá, mo gbé e sórí kíjìpá tó ká, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀. Mo ká bébà Ọ̀gá sí méjì, mo fi sínú àpò.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fọwọ́ sí i,” mo ní. “Lọ́la ní aago mẹ́jọ, màá sọ fún Ọ̀gá Kàbírù pé ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọjọ́ gidi ni wọ́n, kó fi wọ́n sílẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n, kó sì kọ ọ̀rọ̀ aṣọ àti ihò náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọkọ̀ yín kò ní sí nínú ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Ìyá, kì í ṣe Bìlálì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”